Ẹ̀bùn Kérésìmesì fún tíṣà àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní kíláàsì: kí la lè fún wọn tí kò ní gbọ́n àpò wa gbẹ?

Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé dé. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, àwọ̀n là ń dẹ dè é, ìdí nìyẹn tí mo fi tètè gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síbí.

Ọmọ mẹ́ta ni mo ní lẹ́nu ìwé. Àbíkẹ́yìn wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, èyí tó ṣáájú rẹ̀ wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àgbà wọn sì ti wọ girama, níbi tó jẹ́ pé tíṣà kan ń wọlé, òmíràn ń jáde, látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tí mo bá ka tíṣà, tí mo ka olùrànlọ́wọ́ tíṣà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ilé ìwé àti ẹni tó ń dúró sẹ́nu géètì, orí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ó wù mí kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn ní Kérésìmesì yìí, àmọ́ owó tó wà nílẹ̀ ò pọ̀ rárá.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bi yín. Èkíní, kí lẹ fún tíṣà rí tó lò ní ti gidi, tí kì í ṣe pé ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ tó sì tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù? Èkejì, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí tíṣà bá pọ̀ tó báyìí? Ẹ̀kẹta, wọ́n ti ní ká dáwó jọ lórí WhatsApp kíláàsì ọmọ mi kejì, ẹnì kan sì ti kéde iye tí kálukú máa san. Iye yẹn ju agbára mi lọ. Ṣé mo lè sọ ọ́ kí wọ́n má fojú ahun wò mí?

Bàbá_Àbíkẹ́yìn

Ìyá wa, ẹ má da ara yín láàmú. Kọ́ọ̀pù. Kọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ "Tíṣà Tó Dára Jù Lọ" sí lára. Kò wọ́n, kò sì sẹ́ni tí kì í mu nǹkan.

Tíṣà_Kíláàsì_Kejì

Bàbá wa, mo kúnlẹ̀ mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dá kọ́ọ̀pù yẹn padà sórí àtẹ!

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Tí ọgbọ̀n ọmọ bá wà ní kíláàsì, tí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn òbí bá ro kọ́ọ̀pù, kọ́ọ̀pù mẹ́wàá nìyẹn lọ́dún kan ṣoṣo. Ẹnu kan ni mo ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbẹ́là olóòórùn dídùn, bẹ́ẹ̀ náà ni ère kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Mi ò ní bínú sí ẹni tó mú un wá láé, ọpẹ́ ni màá dá. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé kí ni mo ń lò, n ó sì sọ fún yín láìfi bò.

Ẹ ra ohun tó máa ń tán lọ́wọ́ tíṣà. Máákà pátákó funfun, bírò pupa, ìwé pélébé tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, sítíkà tí a fi ń yin ọmọ tó bá gbìyànjú, gọ́ọ̀mù, péńsù fún ọmọ tí tiẹ̀ máa ń sọnù kí agogo tó lù. Àìmọye tíṣà ló ń fi owó ara rẹ̀ ra àwọn nǹkan wọ̀nyí. Tí ẹ bá fún mi ní máákà mẹ́rin, owó tí n bá fi ra máákà ti kúrò lọ́rùn mi nìyẹn, mo lè fi ṣe nǹkan mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ra máákà, ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Èyí tí kì í parẹ́ àti èyí tí a ń nù kúrò lórí pátákó funfun jọra bí ìbejì, èyí tí kì í parẹ́ á sì sọ pátákó di ìdààmú fún gbogbo kíláàsì. Tí ẹ bá fẹ́ kí tíṣà náà gbádùn rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú káàdì pé kó máa fi máákà náà sùn gbalaja, kó má fi í dúró. Tí a bá gbé e dúró fún ìgbà pípẹ́ tí orí rẹ̀ wà lókè, tàdáwà inú rẹ̀ á lọ sísàlẹ̀, orí rẹ̀ á sì gbẹ ṣáájú ọjọ́.

Ó ku ohun kan tí owó kì í rà, lẹ́tà. Mo ní àpótí bàtà kan tí mo ń kó lẹ́tà òbí sí. Ìyá kan kọ̀wé sí mi pé ọmọ òun tí kì í fẹ́ fojú kan ìwé ti wá ń ka gbogbo ohun tó bá ní lẹ́tà lára nínú ilé, títí dé páálí oògùn, ó sì ń bi ìyá rẹ̀ àgbà ní tábìlì oúnjẹ pé kí ló dé tí wọ́n fi kọ ọ́ pé "ẹ má lò ó tí ẹ bá lóyún". Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀bùn tó bá lẹ́tà yẹn wá, mi ò rántí rẹ̀ mọ́.

Bàbá_Àbíkẹ́yìn

Ó dáa, kọ́ọ̀pù ti kú. Ẹ bá wa sọ ohun tí a máa kọ sínú lẹ́tà. Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé o. Tí mo bá ti kọ "Ẹ ṣé fún iṣẹ́ takuntakun yín", bírò mi ti gbẹ nìyẹn.

Tíṣà_Kíláàsì_Kejì

"Iṣẹ́ takuntakun" yẹn lẹ máa yọ kúrò sà. Gbogbo káàdì ló ní in. Ẹ kọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀, tó jẹ́ pé ọmọ yín nìkan ló lè ṣẹlẹ̀ sí. Kí ló ń sọ nílé nípa kíláàsì? Kí ló ti ń ṣe báyìí tí kò lè ṣe nígbà tí táàmù bẹ̀rẹ̀? Orin wo ló kó wálé? Gbólóhùn mẹ́ta ti tó. Ẹ kọ orúkọ ọmọ àti ọdún sí i, torí pé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, "Ìyá Tọ́lá" lè tó mẹ́fà lọ́wọ́ wa.

Aránṣọ_Ilé

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá ní àjákù aṣọ nílé lè rán àpò kékeré tí tíṣà máa kó máákà àti bírò sí. Ẹ gé aṣọ méjì tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 24, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 14, ẹ gé méjì mìíràn bẹ́ẹ̀ fún inú, kí síìpù rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Aṣọ inú yẹn ni kí ẹ fi aṣọ tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ púpọ̀ ṣe, nítorí bó pẹ́ bó yá, máákà kan á gbàgbé ìdérí rẹ̀, á sì tọ́ sí i. Ẹ má fi funfun ṣe inú láé.

Ẹni tí kò mọ ìránṣọ, kó má fi ìyẹn pa ara rẹ̀ lára. Ẹ lọ wá ohun tí ọwọ́ yín mọ̀.

Akápò_Kíláàsì

Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta, ìbéèrè kẹta yín ni mo wá dáhùn, nítorí pé èmi ni wọ́n máa ń gbé owó kíláàsì fún. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bu iye lé yín lórí. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe owó orí.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń kọ ọ́ sórí gírúùpù pé: "A fẹ́ fún tíṣà àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀bùn kan láti ọ̀dọ̀ gbogbo kíláàsì. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí i, kó mú ohun tó bá rọrùn fún un wá. Orúkọ gbogbo ọmọ máa wà lórí káàdì, yálà òbí rẹ̀ dáwó tàbí kò dá." Ó parí. Mi ò ní gbé orúkọ ẹni tó ti san jáde, mi ò ní sọ iye tí ẹnikẹ́ni mú wá, mi ò sì ní ránni létí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àpótí kan wà tí ìhò wà lórí rẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ fi àpòòwé jù ú sí i. Ohun tó bá wọlé la ó fi rà á. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó kéde iye yẹn ní kọ̀rọ̀, ẹ má sọ ọ́ ní gbangba. Ẹ sọ pé: "Ẹ ṣé tí ẹ gbé e. Ohun tí agbára mi ká ni mo máa mú wá." Ẹ má ṣàlàyé, ẹ má tọrọ àforíjì.

Bàbá_Àbíkẹ́yìn

Akápò, èmi ò fara mọ́ yín pátápátá. Tí a ò bá dárúkọ iye, àwọn kan á máa wo ojú ara wọn, àwọn méjì tó láàánú á wá gbé gbogbo ẹrù. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Akápò_Kíláàsì

Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dárúkọ iye, ẹni tí kò ní á fi gírúùpù sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ á sì mọ̀ pé nǹkan kan ń lọ tí òun ò sí níbẹ̀. Nínú méjèèjì, ẹ̀bùn tó kéré ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Tíṣà ò ní mọ iye tí ì bá jẹ́.

Ẹ tún wádìí òfin ilé ìwé yín kí ẹ tó kó owó jọ. Ibì kan wà tí kò gba ẹ̀bùn rárá, ibì kan wà tó ní gbèdéke. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba kò jẹ́ kí tíṣà ilé ìwé ìjọba gba ẹ̀bùn tó tó dọ́là 50 lọ́wọ́ òbí kan. Tó bá jẹ́ gbogbo kíláàsì ló dá a, ó lè tó dọ́là 150 lọ́dún ẹ̀kọ́ kan, kìkì tí tíṣà kò bá mọ ẹni tó dá a àti iye tí kálukú dá. Ẹ rí i pé àṣírí tí mo ń pa mọ́ yẹn, òfin pàápàá mọ ìwúlò rẹ̀.

Àgbà_Òṣèlú

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi nìkan ni mo ń rò ó pé ẹ̀bùn yìí fẹ́ jọ rìbá díẹ̀? Tíṣà tó máa máàkì ìwé ọmọ mi ni mo ń gbé ẹ̀bùn fún.

Ọ̀gá_Ìṣirò

Ìbéèrè gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Girama ni mo ti ń kọ́ ìṣirò. Ẹ̀bùn tó bá wọ́n máa ń kó èmi alára láyà jẹ. Tí ọmọ kan bá gbé aago ọwọ́ wá fún mi lọ́sẹ̀ ìdánwò, báwo ni mo ṣe fẹ́ máàkì ìwé rẹ̀ tí ọkàn mi á balẹ̀? Tó bá yege, wọ́n á ní aago ló sọ̀rọ̀. Tó bá fìdí rẹmi, wọ́n á ní mo jẹ ẹ́ mọ́ra. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi bírò pupa méjì àti káàdì ra máàkì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀bùn kékeré. Ẹni tí ara bá ń fu, kó dúró kí èsì ìdánwò jáde tán kó tó mú tiẹ̀ wá.

Tàbí kó gbé e sí ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ni Àyájọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé. Ọdún 1994 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, dá a sílẹ̀, láti rántí ìwé àbá tí àwọn àti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, fọwọ́ sí lórí ipò àwọn olùkọ́ ní ọjọ́ kan náà lọ́dún 1966. Kò sí èrò Kérésìmesì nígbà yẹn, ọjà kò tíì gbóná, ẹ̀bùn yín nìkan ló sì lè jẹ́ èyí tó wọ ọwọ́ tíṣà lọ́sẹ̀ náà.

Fún ìbéèrè kejì Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta, nípa girama: ẹ má gbìyànjú láti fún gbogbo wa ní nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ mú ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ràn án lọ́wọ́ jù, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sí wọn. Nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bá kọ ọ́ pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún àwọn yòókù, àmọ́ ó ti yé mi báyìí ìdí tí x fi ń yí àmì padà tó bá sọdá", kí ni mo tún fẹ́? Fún àwọn yòókù, ẹ ra páálí ìwé pélébé kan tàbí tíì díẹ̀, ẹ fi káàdì kan lé e, ẹ kọ "Fún gbogbo ẹ̀yin tó wà ní yàrá àwọn tíṣà", kí ọmọ gbé e síbẹ̀.

Ẹ̀bùn kan tún wà tí òbí kì í ránti, ọ̀fẹ́ sì ni: ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé. Ẹ dárúkọ tíṣà náà, ẹ sọ ohun tó ṣe fún ọmọ yín, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí tíṣà. Ẹjọ́ nìkan ni ọ̀gá máa ń gbọ́ lẹ́nu òbí. Tí ọ̀gá bá rí lẹ́tà ìyìn, ó lè fi sínú fáìlì tíṣà, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń yẹ̀ wò nígbà tí ìgbéga bá dé.

Àgbà_Òṣèlú

Mo ti gbọ́, ọ̀gá. Lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé ni tèmi. Ìyẹn ò lè jọ rìbá lójú ẹnikẹ́ni.

Ọmọ_Agbálẹ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè. Gbogbo yín ń sọ tíṣà, tíṣà. Ìyá mi gbálẹ̀ ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀.

Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n, wọ́n ń pè é ní "Màámi Agbálẹ̀", inú rẹ̀ kì í sì í bàjẹ́ sí i. Òun ló máa ń nu èébì, òun ló máa ń wá súwẹ́tà tó sọnù, òun ló mọ ọmọ tó máa ń sápamọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti sunkún. Nígbà tí Kérésìmesì bá dé, àpò ẹ̀bùn á kún orí tábìlì tíṣà, òun ló sì máa gbá pépà tí wọ́n tú kúrò lára wọn.

Ọdún kan, ọmọbìnrin kan mú káàdì wá fún un. Pépà lásán tí ó ká sí méjì ni. Ó ya ìgbálẹ̀ sí iwájú rẹ̀, ó sì fi àwọ̀ elésè àlùkò kùn ún, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ orúkọ ìyá mi sí i, orúkọ rẹ̀ gan-an, ó kọ ọ́ pé pérépéré. Ó ti lọ béèrè rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ìyá mi fi hàn wá, ó fi han àwọn ará ilé kejì, ó fi han ẹni tó wá ka mítà iná.

Nítorí náà, Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta, tí owó yín ò bá tó gbogbo wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ tíṣà, agbálẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ géètì, awakọ̀, àwọn tó ń bu oúnjẹ. Ẹ sì béèrè orúkọ wọn. Tí ẹ ò bá tíì mọ orúkọ wọn látìgbà tí táàmù ti bẹ̀rẹ̀, ó ti tó àkókò.

Tíṣà_Kíláàsì_Kejì

Ẹ ṣeun gan-an, Ọmọ_Agbálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un nípa olùrànlọ́wọ́ tíṣà. Tí kíláàsì bá dáwó jọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún tíṣà ní gbogbo rẹ̀ kí ẹ wá fún olùrànlọ́wọ́ ní "nǹkan díẹ̀". Ẹ pín in sọ́gbọọgba. Olùrànlọ́wọ́ mi ló máa ń so okùn bàtà, òun ló ń jókòó ti ọmọ tí kò lè jókòó, bẹ́ẹ̀ owó oṣù rẹ̀ kò tó tèmi. Ojú máa ń tì mí nígbà tí àpò tèmi bá tóbi, tí tiẹ̀ sì kéré, tí àwa méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa.

Bàbá_Ọ̀gbà

Ẹ kú àlàyé o. Ẹ̀bùn tèmi kì í ná mi ní nǹkan kan, ìkòkò àlòkù ni mo sì ń fi ṣe é.

Ẹ wá ẹni tó ní ewéko tí wọ́n ń pè ní pothos, ewé rẹ̀ rí bí ọkàn, ó sì máa ń fà nílẹ̀ tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ lára fèrèsé. Ẹ wo ara ìtàkùn rẹ̀, ẹ ó rí oríkèé kan níbi tí ewé ti yọ. Nísàlẹ̀ oríkèé yẹn ni kí ẹ gé e sí. Tí oríkèé ò bá sí lára èyí tí ẹ gé, ẹ lè fi sínú omi di àmọ́dún, kò ní dàgbà di nǹkan kan. Ẹ fi í sínú ìgò omi, kí oríkèé wà nínú omi, kí ewé wà níta, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn ò ti ní jó o, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbòǹgbò funfun á ti yọ. Ẹ lè fún tíṣà nínú ìgò bẹ́ẹ̀, ẹ so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn.

Nítorí èyí, oṣù kọkànlá ló yẹ kí ẹ ti gé e. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ọ̀pá inú omi ni yóò gbé lọ fún tíṣà.

Nọ́ọ̀sì_Àwọn_Ọmọ

Bàbá_Ọ̀gbà, mo fẹ́ràn èyí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu yín sọ ọ̀rọ̀ kan: pothos kò ṣeé jẹ. Tí ọmọ kékeré bá jẹ ewé rẹ̀, ẹnu àti ọ̀fun á máa ta á, ó sì lè wú. Ológbò àti ajá pẹ̀lú. Tí tíṣà náà bá ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, tí gbogbo nǹkan ń wọ ẹnu, kó gbé e sókè tàbí kó gbé e lọ sílé. Ewéko aláǹtakùn (spider plant), èyí tí ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìlà funfun là á láàárín, kò ní májèlé bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó ń sọ̀ lára rẹ̀ náà rọrùn láti gbìn.

Mo tún rí i pé àwọn èèyàn fẹ́ràn láti fún tíṣà ní lófínńdà, àbẹ́là olóòórùn àti ìpara ọwọ́. Ẹni tó ní ikọ́ fée lè máà fara da òórùn líle, kíláàsì tó ní àwọn ọmọ tó ní in kò sì yẹ fún un. Àwọn ìpara kan ní òróró èso inú wọn, ara àwọn mìíràn kì í sì í gba irú èso bẹ́ẹ̀. Ìpara tí kò ní òórùn ló dára jù, torí pé tíṣà máa ń fọwọ́ ṣáá, ọwọ́ wọn á sì gbẹ.

Tí ẹ bá fẹ́ se nǹkan jíjẹ fúnra yín, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ara ìdérí rẹ̀: ẹ̀pà, wàrà, ẹyin, ìyẹ̀fun. Láìsí èyí, tíṣà tó ní ìṣòro náà á gbé e fún ẹlòmíràn tàbí kó jù ú nù láìsọ fún yín.

Ọ̀dọ́_Ìyá

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Tíṣà ọmọ mi kì í ṣe Kérésìmesì, Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni. Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ sì jẹ́ Mùsùlùmí. Ṣé kí n kàn fi wọ́n sílẹ̀ ni?

Ọ̀gá_Ìṣirò

Rárá o, àbúrò. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lẹ̀ ń dúpẹ́ fún, kì í ṣe ìsìn. Ẹ kọ "Ẹ ṣé fún táàmù yìí" sí káàdì, ẹ yọ igi Kérésìmesì àti ìràwọ̀ kúrò lára rẹ̀, ẹ fi pépà tí kò ní àwòrán ọdún dì í. Ẹ mú un lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọdún tàbí lọ́jọ́ tí ilé ìwé wọlé padà. Fún Ẹlẹ́rìí Jèhófà pàápàá, ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì: ẹ̀bùn ọpẹ́ ò ní ni wọ́n lára, ẹ̀bùn ọdún ni wọn kì í gbà.

Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta

Ẹ ò ní rí ìbànújẹ́ o. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó kéde owó yẹn bí Akápò ṣe wí, ó sì fèsì pé òun náà ń rò ó pé ó ga, pé àwọn kan ló ń tì í. Ẹ wò ó.

Àgbà wọn ti mú tíṣà mẹ́ta, mi ò retí ọ̀kan nínú wọn rárá, tíṣà eré ìdárayá. Ìyẹn á fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Máákà àti bírò pupa fún tíṣà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìpara ọwọ́ aláìlóòórùn fún olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, iye owó kan náà. Káàdì tó ní orúkọ fún awakọ̀, agbálẹ̀, nọ́ọ̀sì àti géètì.

Ó wá ku àbíkẹ́yìn. Kò tíì mọ̀wé kọ, báwo la ṣe fẹ́ ṣe lẹ́tà tiẹ̀?

Tíṣà_Kíláàsì_Kejì

Ẹ̀bùn àwọn kéékèèké ló dùn jù mà! Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í ní ìbéèrè, ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ má tún un ṣe. "Ẹni ọdún mélòó ni tíṣà yín?" "Kí ló fẹ́ràn láti jẹ?" "Kí ló máa ń sọ lójoojúmọ́?" "Kí ló máa ń ṣe tí ẹ bá ti lọ sílé?" Ọmọ kan sọ pé ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún ni mí, pé ohun tí mo fẹ́ràn láti sọ ni "Ẹ jókòó", àti pé tí wọ́n bá ti lọ sílé, abẹ́ tábìlì ni mo máa ń sùn. Ọ̀gá ilé ìwé wa gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Kí ọmọ ya àwòrán tíṣà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó tẹ ọwọ́ rẹ̀ sí i tó bá wù ú. Tí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò sí i, kó jẹ́ ti ọmọ yín nìkan. Fọ́tò tí àwọn ọmọ mìíràn wà nínú rẹ̀, ẹ gba àṣẹ òbí wọn ná.

Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta

Mo fẹ́ ká ìdáhùn yẹn sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò kan tí mo ti jẹ ohun inú rẹ̀ tán, kí àwọn ọmọ yòókù náà fi tiwọn sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́bù ara ìgò náà ò fẹ́ kúrò. Mo ti fi èékánná họ ọ́ títí.

Aránṣọ_Ilé

Ẹ dá èékánná sí! Ẹ fi ìgò náà sínú omi gbígbóná tó ní ọṣẹ, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, pépà rẹ̀ á ṣí kúrò. Gọ́ọ̀mù tó bá kù, ẹ po òróró ìsebẹ̀ àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì ní ìwọ̀n kan náà, ẹ fi pa á, ẹ dúró díẹ̀, ẹ wá fi aṣọ gírígírí nù ún. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí pépà tó wọ inú rẹ̀, kí tàdáwà má baà ṣàn.

Akápò_Kíláàsì

Ẹ má sì dúró di ọjọ́ tí wọ́n máa ti ilé ìwé pa fún ọdún o. Ọjọ́ yẹn ni tíṣà ń kó ìwé, tó ń wá súwẹ́tà, tí òbí mẹ́wàá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú un lọ ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú, láàárọ̀, kí ó lè rí àyè tú u.

Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta

Lẹ́bù ti kúrò! Ọjọ́ Ajé ni mò ń kó gbogbo rẹ̀ lọ.